Kí Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́ Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Pobè ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe. Ọkùnrin kan ní tíṣà ni òun. Òmíràn ní òun wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Onigbolo títí ẹ̀yìn òun fi kọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní: "Èmi ni mo máa ń pinnu ibi tí ènìyàn yóò tẹ̀ lójú ẹ̀rọ." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú bi mí pé: "Màmá, ṣé ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́ téèyàn lè fi gbogbo ayé ṣe?" Mo ní màá kọ èsì rẹ̀ fún un. Mo lọ sílé, mo jókòó, mo sì kọ èyí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi tó máa dí mi lọ́wọ́, ìyẹn ò sì jẹ́ tuntun.

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ mi. Igana tó wà lẹ́bàá Pobè ni wọ́n bí mi sí. Nínú àwọn ọmọ ìyá mi, èmi àti àbúrò mi Kọ́láwọlé nìkan la yè, bàbá wa sì ti kú kí Kọ́lá tó lè dá aṣọ wọ̀. Dàda ló ń pè mí, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ògiri àgbàlá ìyá wa ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe, ó sì tẹ ìkarahun ìgbín mọ́ orí rẹ̀ yíká, tí gbogbo àdúgbò fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ló ń kọ́lé fún. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́n.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àdìó kò gba àlàyé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá ọjà Pobè, ó ń wá ẹni tó mọ ìwé tẹ̀, mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, ó gbà mí. Owó ọ̀yà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí etí ènìyàn hó títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dé, olórí ńlá bí àpótí aṣọ, a sì máa ń fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wá dé Pobè, ọ̀gá ní òun fẹ́ dá ìkànnì kan sílẹ̀ fún Pobè, Sakété àti gbogbo abúlé tó yí wọn ká: ọjọ́ ọjà, èsì ìdánwò, ẹran tó sọnù, iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, ìkéde òkú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti ní Gàbọ́n ló máa ń kà á jù.

Lìyẹ́n ni ọ̀gá fà lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kódà bí ẹ ò bá mọ orúkọ rẹ̀ lédè Faransé: ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà lábẹ́, tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé mìíràn á ṣí. Mo rò pé eré ni. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ lójú mi ju kí n kọ "Tẹ ibí" sábẹ́ gbogbo ìròyìn.

Ọ̀gá Àdìó kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè wò ọ́ títí wàá fi fẹ́ kó nà ọ́. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe.

"'Ibí' wo nìyí?" ló bi mí.

"Ibí yìí ni, ọ̀gá."

"Bí mo bá dúró ní oríta tí mo bi ọ́ léèrè ọ̀nà Kétu, tí o ní kí n gba ibí, ṣé o ti sọ nǹkan kan fún mi?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Kọ Kétu sí ẹnu ọ̀nà Kétu. Kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ ibi tó ń lọ kó tó gbé ẹsẹ̀. Dàkọ́ọ̀?"

Mo ní dàkọ́ọ̀, pé mo gbà, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ọjọ́ mìíràn, mo fa ìlà sábẹ́ àkọlé kan nítorí ẹwà, mo sì kùn ún ní búlúù. Kì í ṣe lìyẹ́n, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀gá fa àga fún mi, ó ní kí n jókòó kí n máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀. Àwọn tó wá ṣe fọ́tókópì ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ohun tó ní ìlà lábẹ́ tí kì í ṣe lìyẹ́n, ọwọ́ mi á ti pa á rẹ́.

Bó ṣe ń dán iṣẹ́ wò náà le. Á jáde sí ọ̀nà, á mú ẹnikẹ́ni tó bá rí wọlé, ìyá tó ń ta epo ni o, ẹni tó ń wa zẹ́míjáànù, alùpùpù akérò, ni o, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èsì ìdánwò fún mi níbí." Èmi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá ṣi ibòmíràn tẹ̀, ọ̀gá kì í dá a lẹ́bi, èmi ló máa kọjú sí: "Ojú ẹni tó ń wá nǹkan kì í ṣẹ̀. Tú u palẹ̀." Mo máa ń tú u palẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo sì fẹ́ mọ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìkànnì kì í fi afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ. Ìpolówó ló ń bọ́ wa. Ẹni tó ń polówó ọjà fẹ́ kí gbogbo ayé tẹ ọjà òun. Ẹni tó ń kàwé fẹ́ rí ohun tó wá, kó sì máa lọ. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé àga mi sí.

Alágbàtà ìpolówó kan máa ń ti Kútọnu wá, bàtà rẹ̀ a máa dán, bí a bá sì fi èdè wa kí i, Faransé ló máa fi dáhùn. Ó ní kí a kun ìpolówó ní búlúù kan náà bíi ti lìyẹ́n, kí a sì kì í bọ àárín àwọn ìròyìn, kí ẹni tó ń wá èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó fún wa. Ọ̀gá Àdìó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé wọ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe oníbàárà," ló wí. "Á jáde, á sì máa bú ẹni tó júwe ọ̀nà fún un." Ọkùnrin náà gun ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Kútọnu pẹ̀lú ìbínú.

Èmi wá ronú sí i. Mo mú ìpolówó ọkùnrin kan ní Sakété tó ń yá ènìyàn ní àga àti àtíbàbà, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá ojú ewé ìkéde ìsìnkú, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kà á tán. Mo kùn ún ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, mo kọ "Ìpolówó" gàdàgbà sórí rẹ̀. Kò pẹ́, alátíbàbà náà gbé iṣu wá kí wa pé àwọn ènìyàn ń pe òun láìdákẹ́. Mo kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mú lọ: ìpolówó kì í ṣe ọ̀tá. Bí ènìyàn bá jẹun tán tí o gbé omi fún un, á dúpẹ́. Bí o bá da omi náà sínú oúnjẹ rẹ̀, ẹ máa jà ni.

Nígbà tó yá, fóònù olójú dídán dé, pọ́táábù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Ojú ẹ̀rọ kéré, àtàǹpàkò àgbẹ̀ tóbi. Gbogbo àlàfo tí mo ti fi sáàárín lìyẹ́n àti ìpolówó kò tó mọ́, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sí ọjà, mo ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń di fóònù mú, títí tí ìyá kan fi bi mí bóyá mo fẹ́ jí tirẹ̀ gbé.

Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ènìyàn dá wà. Aránṣọ á rí ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ò rí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Ọkọ mi kú ní kùtùkùtù, a ò sì bímọ. Ohùn Kọ́lá láti Gàbọ́n ni mo máa ń dúró dè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. "Dàda, mo ka ìròyìn ọjà Igana. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ṣí wàrà." Nínú gbogbo àwọn tó ń tẹ ohun tí mo ṣe, òun nìkan ni mo mọ̀ lójú. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló máa ń gbé mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan yí padà. Àwọn ènìyàn ń kó ara wọn jọ sí gúrúùpù lórí fóònù, wọ́n ń sọ ìròyìn fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olùpolówó wa ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Àdìó ti darúgbó, gbèsè okùn íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Alágbàtà Kútọnu náà padà wá. Ohun tí ọ̀gá ti kọ̀ láti ìgbà èwe mi, ó gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò wá sí orúkọ Kétu lẹ́nu ọ̀nà Kétu mọ́. "Ta ni wọ́n mú ní Sakété? Tẹ ibí." "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ita-Djèbou á yà ọ́ lẹ́nu. Tẹ ibí." Ènìyàn á tẹ̀ ẹ́, ìpolówó á kọ́kọ́ bo gbogbo ojú fóònù rẹ̀.

"Ọ̀gá, 'ibí' wo nìyí?" ni mo bi í.

Kò rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, ibi tí oúnjẹ wa wà ni."

Owó wọlé lóòótọ́. Mo ń bá a jà lójoojúmọ́, ó sì gba apá kan iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi: òun ló ń kọ lìyẹ́n ìkéde òkú fúnra rẹ̀.

Kí n tó sọ èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú ńlá lè má mọ bí a ṣe ń túfọ̀. Bí ènìyàn bá kú, a kì í ju ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ olóògbé láti ọ̀ọ́kán. Àgbàlagbà ló máa ń lọ bá a nílé. Á jókòó, á béèrè omi, á bi í léèrè oko àti ọmọ, ọ̀rọ̀ á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ ọ́, ọkàn ẹni náà á ti mọ̀, ọwọ́ ẹnì kan á sì ti wà ní èjìká rẹ̀.

Ìyá wa kú ní Igana ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán, mo pe Bàbá Láwàní, olórí àwọn ọmọ ìlú wa ní Gàbọ́n, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ túfọ̀ fún Kọ́lá nílé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo pe ọ̀gá náà, mo sọ ìdí tí mi ò fi ní wá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde títí di ọ̀la. Àbúrò mi ò tíì gbọ́."

"Mo gbọ́," ló wí. "Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere."

Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ó ti wà lórí ìkànnì. "Ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ní Igana lónìí. Ta ni? Tẹ ibí." Àwòrán kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n yà nígbà kan tí wọ́n wá ya ọdún ìkórè: ògiri kan tó ní ìkarahun ìgbín lórí.

Kọ́lá wà lórí ilé tí wọ́n ń kọ́, ó ń sinmi ọ̀sán, òun nìkan. Ó mọ ògiri rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó ọtí kan bo ojú fóònù náà. Ó tẹ àmì tí wọ́n fi ń pa á dé, ìpolówó mìíràn ló ṣí. Ó padà, ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ ń fà. Ìgbà tí ojú ewé náà fi máa ṣí, orúkọ ìyá rẹ̀ ló rí láàárín ọtí àti tẹ́tẹ́. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ròyìn fún mi pé orí àpò sìmẹ́ńtì ló jókòó sí, wọ́n rò pé oòrùn ló pa á.

Ó pè mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo rò pé Bàbá Láwàní ti tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Dàda, ẹ̀yin lẹ ń ṣe lìyẹ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa sọ fún mi nìyẹn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wá sìnkú, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọkùnrin ń ṣe, kò sì wo ojú mi. Mo gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ibojì, ó kọjú sí ibòmíràn. Ó padà sí Gàbọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi dé, fóònù mi ò dún. Òmíràn dé, kò dún.

Mo lọ bá Ọ̀gá Àdìó ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò pariwo.

"Ẹ gbọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀ yín."

"Àbẹ̀kẹ́, mi ò dárúkọ rẹ̀ níta," ló wí. "Mo fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn? A kì í la á mọ́lẹ̀."

"Ẹni tó ń túfọ̀ a máa jókòó ti ènìyàn, ọ̀gá. Ta ló jókòó ti Kọ́lá?"

Mo kó ẹrù mi. Nígbà tí ó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn. Mo sunkún pẹ̀lú, nítorí òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun rere tí mo mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń dá ṣiṣẹ́ nílé. Mo ṣe ìkànnì fún ilé ẹ̀kọ́, fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fún epo, fún ìjọ wa. Àwọn oníbàárà mi kì í wá sílé, orí fóònù la ti ń parí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ojú ẹ̀rọ nìkan ni mo ń wò. Nígbà mìíràn, mo máa ń dá sọ̀rọ̀ sókè láti fi mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì wà. Mo kọ lẹ́tà sí Kọ́lá, mo rán ohùn sí i, mo rán ènìyàn sí i. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: èmi tí mò ń la ọ̀nà fún gbogbo ayé, mi ò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní àìpẹ́ yìí, mo gbọ́ pé Kọ́lá ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà wálé, ó sì kọ́lé sí Sakété. Kò sọ fún mi. Mo gun zẹ́míjáànù láti Pobè, mo lọ. Ó wà níwájú ilé, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì gbé àga wá.

Mo ní: "Kọ́lá, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀, Dàda."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Láwàní dé, ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun, ó ní ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí o kò pè mí?"

"Mo fẹ́ bínú sí ẹnì kan," ló wí. "Bàbá ò sí, màámi ti lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí mo lè bínú sí. Mo rò pé kò ní pẹ́ lọ títí. Nígbà tó pẹ́, ojú wá ń tì mí."

Inú bí mi gidigidi. Ó sàn fún mi nígbà tí mo rò pé kò mọ̀. Mo dìde. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun, Kọ́lá. Èmi nìkan." Mo gbé àpò mi, mo ti dé ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, Dàda," ló wí lẹ́yìn mi. "Ẹ jọ̀ọ́. Títí di òní, mi ò mọ bí màámi ṣe lọ. Ohun tí mo kà lójú ẹ̀rọ nìkan ni mo mọ̀."

Mo padà, mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo ní kó fún mi lómi mu. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó dá mi lóhùn. Mo sọ fún un pé ìyá wa ti ń ṣàìsàn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wà ní Igana, ṣùgbọ́n ó jí dáadáa ní òwúrọ̀ náà, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì bú mi pé àgbàdo tí mo sá sí àgbàlá kò tẹ́jú. Ó wá ní ó rẹ òun díẹ̀, ó sùn sórí ẹní, ó gbé orí lé itan mi. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká Kọ́lá.

"Kí ló sọ kẹ́yìn?" ló bi mí.

"Ó ní, 'Kó àgbàdo wọlé, òjò ń bọ̀.' Mo rọra gbé orí rẹ̀ sílẹ̀, mo jáde lọ kó o. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti lọ."

Kọ́lá bo ojú. Ó sunkún bí ó ti máa ń sunkún nígbà tí mo ṣì ń pọ̀n ọ́n, kò sì yọ èjìká rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé òjò náà rọ̀?"

"Kò rọ̀," ni mo dá a lóhùn.